Ọkọ̀ Kò Dúró, Àjọkẹ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

     

Wọ́n ní o fẹ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, pé gíráàfù físíìsì ló sú ọ. Ìwọ? Ìwọ tó máa ń ka òpó kìlómítà láti ojú fèrèsé ọkọ̀ mi, nígbà tí o kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà?

Gíráàfù yẹn náà ló mú mi. Bàbá rẹ mọ díẹ̀ níbẹ̀, mi ò sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Lọ́dún 1974, nínú ìdánwò àṣekágbá, wọ́n ya ìlà kan nípa ìrìn ọkọ̀, tó gòkè fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, tó tẹ́jú bí ẹní fún 30, tó wá sọ̀kalẹ̀ fún 10. Mo rí ibi tó tẹ́jú, mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ kò dúró, Àjọkẹ́! Eré ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà òòró. Ká ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, ǹ bá jàre. Mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọkọ̀ yẹn ń sá, ìyẹn kìlómítà 72 ní wákàtí kan, èmi sì ti páàkì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n tún ní báwo ni ọ̀nà tó rìn ṣe gùn tó. Mo mú 20 lọ́nà 50, mo kọ mítà 1,000. Ààyè abẹ́ ìlà ló yẹ kí n wọ̀n, torí kò fi gbogbo àsìkò sá eré tó le jù: mítà 800 ni.

Ẹni tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló di ẹnjiníà; èmi di awakọ̀. Ó wọ ọkọ̀ mi lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan. Mo fa fìlà bojú títí ó fi bọ́ sílẹ̀ ní Òjọ́tà.

Orí títì ni mo ti wá kọ́ ìyókù. Ká ní o sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ, o sá 40 bọ̀, ọmọ ọkọ̀ mi á búra pé 50 ni tá a bá pín in dọ́gba. Irọ́ ni! Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 120, wákàtí 2 lo fi lọ, wákàtí 3 lo fi bọ̀. Kìlómítà 240 ní wákàtí 5, 48 nìyẹn. Ibi tí eré ti falẹ̀ ló ń jẹ àsìkò.

Ṣé ohun tó fẹ́ lé ọ sá nìyẹn? Ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kí o tó wo ìlà fúnra ẹ̀. Mi ò rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà.

Má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, tèmi ti rúlà mi. Ní kí ìyá rẹ ro àmàlà; ẹ̀wà ọjọ́sí yẹn, mi ò jẹ ẹ́ mọ́.

Èmi ni,
Bàbá Ìbàdàn rẹ