Ọmọ Ọlọ́mọ Kì í Ṣe Ọjà



Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bukhari tí a sábà máa ń kà kọjá ní ilé kéwú. Ànábì wa (S.A.W.) fi yé wa nínú rẹ̀ pé ẹni mẹ́ta ni Ọlọ́hun Ọba fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀: ẹni tí ó fi orúkọ Rẹ̀ ṣe àdéhùn tí ó sì dalẹ̀, ẹni tí ó ta ẹni tí kì í ṣe ẹrú tí ó sì jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tí ó lo òṣìṣẹ́ tán tí kò sanwó ọ̀yà rẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sókè òkun. Wọ́n fi Ọlọ́hun búra fún ìyá ọmọ, wọ́n ta ọmọ, wọ́n sì jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì polówó obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan lórí Facebook pé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni òun yóò tà á. Nígbà tí ayé figbe ta ni wọ́n tó mú un.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó kan àwa ọmọ ilé kéwú jù ni pé orúkọ ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa. Wọn a ní: "Ilẹ̀ Lárúbáwá mà ni, wàá máa gbọ́ ìpè ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún, wàá sì ṣe Úmúrà." Ẹ gbọ́, Lárúbáwá ni Abú Láhábì náà.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: kafala. Nínú Sọ́rà Ááli Imraana, ààyá 37, inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí bí Ànábì Sakariyáù ṣe gba ìtọ́jú Màríyámọ̀. Ọ̀rọ̀ àánú ni. Ṣùgbọ́n ní Lẹ́bánónì àti ní àwọn kan nínú ilẹ̀ Lárúbáwá, ètò òṣìṣẹ́ àjèjì ni wọ́n fi ń pè. Orúkọ ọ̀gá ni ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ rọ̀ mọ́. Bí ó bá jáde nílé láìgbàṣẹ, ó ti di arúfin, ọlọ́pàá lè mú un. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì ń gba páàsípọ́ọ̀tù pamọ́. Ẹni tí ó bá ń bi yín pé ṣé wọ́n dè é lókùn ni, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lọ, ẹ mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá fún ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá. Bí wọ́n bá sọ fún un pé iṣẹ́ olùkọ́ ni, tí ẹ wá rí "aamila manziliyya" nínú ìwé, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Bí físà bá jẹ́ "siyaaha", ti àbẹ̀wò ni, kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ bi ejẹ́ńtì léèrè ìwé àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún un. Ẹ má tijú bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá yín. Kò sì sí àwíjàre nínú "òun náà ló gbà", nítorí òfin Nàìjíríà ti 2015 kò ka gbígbà tí a fi ẹ̀tàn gbà sí. Ẹ̀wọ̀n tó kéré jù fún ẹni tí ó bá ṣòwò yìí ni ọdún 2, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ₦250,000.

Ẹni tí ó ti lọ tí ó sì padà wá ńkọ́? Níbí ni àwa ará àdúgbò ti ń ṣìkà jù. Kò tíì sinmi tán tí a ti ń sọ pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ló lọ ṣe. Ẹ ṣí Sọ́rà Nuuru. Ààyá 4 ní ẹni tí ó bá fẹ̀sùn sìná kan obìnrin tó mọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ọgọ́rin pàṣán ni, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ láéláé. Ní ààyá 33, Ọlọ́hun kọ̀ kí a fipá mú obìnrin ṣe panṣágà, Ó sì ní Aláforíjì, Aláàánú ni Òun lẹ́yìn ìfipámú náà. Nínú sọ́rà kan náà! Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ń sọ pé ẹ kò lè fẹ́ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, orí kí ni ẹ gbé ìdájọ́ yín lé?

Ẹ má sì ní kó dìde ní mọ́sálásí wá sọ ìtàn rẹ̀ fún ìjọ, bí ó ti wù kí èrò yín dára tó. Ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri. Kí arábìnrin kan tó lè pa àṣírí mọ́ bá a lọ rí dókítà, kí ó sì tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì NAPTIP, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 nítorí òwò yìí. Kí ó má bẹ̀rù pé wọn yóò tì í mọ́lé: òfin kò gbà kí a fi ẹni tí a tà sẹ́wọ̀n nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà.

Ní ti owó, Sọ́rà Taoba, ààyá 60, yọ ìpín kan sọ́tọ̀ nínú sàká fún ìtúsílẹ̀ àwọn tó wà lóko ẹrú. Bóyá ó kan irú àwọn wọ̀nyí lónìí, ẹ bi àwọn àáfà wa àgbà. Sàráà kò ní ká béèrè. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tàbí owó ilé ọdún kan kò ju agbára ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ bí a bá dáwó jọ. Nọ́ńbà tí ẹ lè pe NAPTIP sí ni 627. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri mọ́sálásí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun.