Ẹ̀KỌ́ LÁRA ILÉ ÀTIJỌ́



Ó jẹ́ àṣà rere ní ibi púpọ̀ pé kí àwọn olùfẹ́ ìtàn ìlú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n yan ọjọ́ kan, kí wọ́n sì lọ láti ilé àtijọ́ kan dé òmíràn ní ìgbèríko, láti fi ojú ara wọn rí bí àwọn tí ó ṣáájú wọn ti gbé ayé. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí olùkọ́ ni yóò padà wá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó wò, ògiri lásán ni yóò rí. Yóò wọlé, yóò jáde, yóò sì sọ pé ilé náà ṣókùnkùn, pé a dúpẹ́ pé ọ̀làjú dé.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí mo fẹ́ kí a jọ yẹ ilé amọ̀ ilẹ̀ Yorùbá wò, lẹ́yìn náà kí a wo ọ̀nà tí a ń gbà pa ilé àtijọ́ mọ́ níhìn-ín àti ní òkèèrè. Ohun kan ni mo fẹ́ fi yé wa: ilé àtijọ́ ń pẹ́ nítorí pé ọwọ́ kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ bá ti kúrò, ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí kú, bí ògiri rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dúró.

I. ÒGIRI

Kí sìmẹ́ńtì tó dé, amọ̀ ni a fi ń mọ ilé. Àwọn ọkùnrin a gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọn a da omi sí i, wọn a sì fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Wọn a ṣù ú, wọn a sì máa jù ú sí ẹni tí ó ń mọ ògiri. A kì í mọ ògiri tán ní ọjọ́ kan. A ó mọ ìpele kan yí ilé ká, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí a bá kánjú, ti ìsàlẹ̀ kò ní lè gbé ti òkè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí, nítorí òjò kì í jẹ́ kí ògiri tútù dúró.

Níbi tí ohun tí a fi rẹ́ ògiri bá ti ṣí kúrò, a máa ń rí ojú ìlà láàrin ìpele kan àti èkejì. Kí olùkọ́ fi ọwọ́ àwọn ọmọ lé orí ìlà náà, kí wọ́n sì kà á. Iye ìlà ni iye ìgbà tí àwọn baba wa dúró de oòrùn. Ọmọ tí ó bá ti ka ìlà wọ̀nyí kò ní sọ mọ́ pé ilé amọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àwọn àgbà mọ̀ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀tá ògiri ni omi, àti ikán. Òwe wa kan wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Gbogbo ìmọ̀ ìtọ́jú ilé wà nínú òwe yìí. Ẹ wò ó pé kò sọ pé ilé le tó láti kọ̀ fún àgbàrá. Onílé ni ó fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

II. ÒRÙLÉ

Bí ògiri ti nílò ìtọ́jú tó, òrùlé nílò rẹ̀ jù ú lọ. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé; ní ilẹ̀ igbó, níbi tí koríko ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n ń lo ewé gbòdògì. Nípa òrùlé nìkan, olùbẹ̀wò lè mọ irú ilẹ̀ tí ó wà. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ di ohun ìbọ̀wọ̀ fún ọba: nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a kó koríko náà wá fún bíbo ààfin. Ẹ rí i bí ohun ìkọ́lé ti di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ìlú tí ó bá gbé ìdì koríko rẹ̀ wá ti jẹ́wọ́ ẹni tí ó ń sìn.

Òrùlé àtijọ́ a máa rẹlẹ̀ ní etí, a sì máa yọ jáde ju ògiri lọ, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má bàa kan ògiri. Nítorí náà ni àgbàlagbà fi ní láti tẹrí ba kí ó tó wọlé. Olùbẹ̀wò tí ó bá ń rẹ́rìn-ín sí ìrẹlẹ̀ òrùlé yìí kò tíì rí ohun tí òjò ń ṣe sí ògiri tí etí òrùlé rẹ̀ kúrú.

Páànù ti gba ipò koríko ní ibi gbogbo. Kò yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún èyí. Koríko ń gbiná, a sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ilé oníkoríko tutù ní ọ̀sán gangan, páànù sì gbóná. Kí olùkọ́ sọ èrè fún àwọn ọmọ, kí ó sì sọ àdánù pẹ̀lú.

III. ÀKÒDÌ

Agbo ilé kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, òrùlé gbogbo sì da omi rẹ̀ sí àárín, níbi tí ìkòkò ti ń gbà á. Ojú ọ̀nà ńlá kan ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, tí ó fi jẹ́ pé àlejò kò lè kọjá láìjẹ́ pé a rí i. Àlàáfíà gbogbo ẹbí wà nínú ètò yìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni ìyá ti ń pa àlọ́, ibẹ̀ ni a ti ń gba àna lálejò. Láyé àtijọ́, abẹ́ ilẹ̀ ilé ni a ń sin àwọn àgbà sí pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí arúgbó kan bá kọ̀ láti ta ilé baba rẹ̀, kí a má ṣe pè é ní alágídí.

Ní ààfin, àkòdì pọ̀, wọ́n sì tóbi. Níbẹ̀ ni a tún ti ń rí kọ̀bì, èyí tí í ṣe àmì oyè, tí mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ kọ́.

IV. OPÓ ÀTI ILẸ̀KÙN

Láàrin ọdún 1910 àti 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, gbẹ́ opó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn rù bọ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn opó sì wà ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938.

A kò lè sọ pé nǹkan wọ̀nyí sọnù. Ikán kò lè dé ibẹ̀, òjò kò sì lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí sí yàrá kankan mọ́, opó náà kò sì gbé òrùlé kankan ró.

V. ỌWỌ́ TÍ Ó MỌ IṢẸ́

Kò sí ẹni tí ó ń dá ilé amọ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a bẹ̀ ọ̀wẹ̀: ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò a péjọ, ẹni kan a pọn omi, ẹlòmíràn a pò amọ̀, onílé a sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ọkọ ọmọ a kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àna rẹ̀ bo ilé. Àwọn obìnrin a máa rẹ́ ògiri, wọn a sì máa pa ilẹ̀ títí yóò fi máa dán.

Nítorí náà, bí a bá dé ilé àtijọ́, kí ìbéèrè wa má ṣe parí sí “Ta ni ó ni ín?” Kí a tún bèèrè pé, “Ta ni ó rẹ́ ẹ kẹ́yìn? Ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà? Ta ni òun náà ń kọ́?” Bí ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn bá jẹ́ “Kò sí,” ilé náà wà nínú ewu ju bí ògiri rẹ̀ ti fi hàn lọ.

VI. Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A Ń GBÀ PA ILÉ MỌ́

Èkíní ni kí a fi ilé sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, tí a sì kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún yẹn gan-an ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú náà, kí ó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí ilé náà pẹ̀lú ọ̀sà tí ó gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, ohun tí kò lè rí bí a bá gbé ilé náà lọ sí ibòmíràn.

Èkejì ni kí a tú ilé, kí a sì tún un kọ́ sí ọgbà kan. Artur Hazelius, ará Sweden tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, ni ó ṣí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Skansen, ní Stockholm ní 1891, nítorí ó rí i pé ìgbé-ayé àwọn ará oko ń parẹ́ lójú òun. Ní St Fagans, ní ilẹ̀ Wales, wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní 1948. Níbẹ̀ ni ilé àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1610, tí a kun ògiri rẹ̀ ní pupa láti lé ẹ̀mí búburú. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko kan tí a kọ́ ní 1880 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jókòó sí láti rí bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìgbà náà.

Ẹ̀kẹta ni kí a kọ́ ẹ̀dà. Zbigniew Dmochowski, ará ilẹ̀ Pólàndì, rin ilẹ̀ Nàìjíríà káàkiri láti 1958, ó ń wọn ilé àtijọ́, ó sì ń ya àwòrán wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀dà àwọn ilé náà sí Jos, bí odi Kano àti mọ́sálásí Zaria. Ó kú ní 1982. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1990 ní apá mẹ́ta. Àwòrán wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè pò amọ̀.

VII. EWU TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Ìdáàbòbò lórí ìwé kò tó. Ní 1956, ìjọba kéde ilé Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà ní gbàgede Tinúbú ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, apá kan mọ́sálásí àtijọ́ Zaria, èyí tí wọ́n kọ́ ẹ̀dà rẹ̀ sí Jos, wó lu àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń kírun, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n ti rí i ní ọjọ́ tí ó ṣáájú pé ògiri là, wọ́n sì ń múra àtitún un ṣe. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri bá lanu, ó yẹ kí ọwọ́ tí yóò dí i wà nítòsí.

VIII. IṢẸ́ TI ÀWA OLÙKỌ́

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dá lọ, kí ó kí baálé ilé, kí ó sì gba àyè. Kí ó má ṣe kó ọmọ wọ ilé onílé lójijì. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kí ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́rin: kí àwọn kan wọn ògiri, kí àwọn kan ya àwòrán agbo ilé, kí àwọn kan kọ orúkọ ohun tí wọ́n rí ní èdè wa, kí àwọn tí ó kù sì jókòó ti àgbà, kí wọ́n máa bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá padà, kí wọ́n pò amọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n mọ ògiri kékeré kan, kí wọ́n fi koríko bo ìdajì rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìdajì sílẹ̀ fún òjò. Oṣù méjì òjò yóò kọ́ wọn ní ohun tí olùkọ́ kò lè fi ẹnu sọ tán.

Bí a bá ṣe èyí, a ó ti fi nǹkan kan lé ọwọ́ tuntun. Gbogbo àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni yóò lọ sí abúlé láìpẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, a ó bá arúgbó kan tàbí méjì tí ó mọ bí a ti ń bo ilé. Kí a tètè lọ kí wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí a fi ń dúró láàrin ìpele ògiri kan àti èkejì?
2. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà pa ilé mọ́, èwo ni ó yẹ agbo ilé baba rẹ? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Bí ìwọ bá jẹ́ Ògògà ní 1924, kí ni ìwọ ì bá ṣe?
4. Kọ orúkọ ẹni mẹ́ta ní ìlú rẹ tí ó ṣì mọ iṣẹ́ ilé mímọ tàbí ilé bíbò, kí o sì kọ ọjọ́ tí ìwọ yóò lọ bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀.