Oyè Ìṣirò àti Ìwádìí Kọ̀ǹpútà

ÌBÉÈRÈ: Ìmọ̀ ìṣirò ni mo fi gba oyè. Ǹjẹ́ mo lè di olùwádìí nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Barbara Liskov, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ ìṣirò ni ó kà ní Yunifásítì Berkeley, tí ó fi gboyè ní ọdún 1961. Ẹnu iṣẹ́ ni ó ti kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kí ó tó wọ Stanford, níbi tí ó ti di ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1968 pẹ̀lú ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè ta ìparí ayò chess. Ní MIT, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ CLU, tí ọ̀pọ̀ èdè òde òní jogún ìlànà rẹ̀; irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a fi Àmì Ẹ̀yẹ Turing ti ọdún 2008 dá lọ́lá.

Nítorí náà, bí o bá ń kọ̀wé sí yunifásítì, má ṣe ka oyè rẹ nìkan: ṣàlàyé ohun tí o wádìí, ọ̀nà tí o gbà, àti ohun tí o rí. Wá olùkọ́ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lónìí.