Orúkọ Tí Òdo Ń Jẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní Ọjà Ọba ní ìlú Ìlọrin, tí ó sì fetí sí àwọn oníṣòwò bí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà tẹlifóònù wọn fún oníbàárà, yóò gbọ́ orúkọ mẹ́ta fún àmì kan ṣoṣo. Ẹnì kan a pè é ní òdo. Ẹlòmíràn a ní síró. Ẹ̀kẹta a sì pe 080 ní "óò-éètì-óò", nítorí pé àmì náà jọ lẹ́tà O.

Láti orí ení ni àwọn Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà wọn. Ohun tí kò sí, wọn kì í kà á. Ní ilé-ìwé, òdo ni orúkọ rẹ̀. Láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni síró ti wọ inú Yorùbá, ṣùgbọ́n orírun rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ọmọ ilé-kéú: ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ṣifr, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfìfo. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wúlò, ṣùgbọ́n lílò wọn gba ìṣọ́ra. Lẹ́tà àti òǹkà ni ó wà nínú nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tí ó bá pe òdo ní óò lè ṣi olùgbọ́ lọ́nà. Bí ìyá kan bá sì ń ka nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, tí akọ̀wé kọ òdo kan níbi tí méjì wà, òǹkà mọ́kànlá ti di mẹ́wàá, ìpè náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Òdo kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹ pè é kí ó yéni, kí ẹ sì ka iye rẹ̀.