Bí Ọmọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàràpá tí ẹ mọ kóòdù kọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pólì Adeseun Ogundoyin ní Èrúwà àti ẹ̀yin ti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ẹ̀yin ni mo fi òwe yìí bá wí. Bí ẹ bá kóra jọ láti tún ìkànnì kan ṣe, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, aṣọ tuntun kò ní ṣòro fún yín. Ẹni tó mọṣẹ́ lè yan àwọ̀, kó to bọ́tìnnì, kó sì gbé e dìde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àkísà ni wàhálà wà. Àyọkà tí ẹnìkan fi òru kọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn wà níbẹ̀, àti líǹkì tí tíṣà kan ti fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dà kọ. Àwọn tó ni àkísà wọ̀nyí kò gbowó oṣù lọ́wọ́ yín. Bí inú bá bí wọn, wọn kò ní jà. Wọn kò kàn ní wá mọ́ ni.

Ẹ wo Wikipedia. Ti èdè Yorùbá ti wà láti ọdún 2002, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000, ọwọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló kọ wọ́n. Láti ọdún 2010 ni Wikipedia ti ń lo ojú kan tí wọ́n ń pè ní Vector. Wikimedia Foundation, àjọ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, lówó lọ́wọ́, ó sì ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Síbẹ̀, nígbà tí ó tó àkókò láti pààrọ̀ ojú yẹn, wọn kò jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n pàṣẹ. Ọdún 2019 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn èdè díẹ̀ kọ́kọ́ gbà á wò, Faransé wà lára wọn. Ní ọdún 2022, àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì jókòó lé e lórí ní gbangba, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́ sọ tẹnu wọn, ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2023 ni ojú náà sì tó yí padà lọ́dọ̀ wọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n ń mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni: àtòkọ èdè lọ sókè, àtòkọ àkóónú bọ́ sí apá òsì.

Ariwo kò ṣàì sọ. Àwọn kan ní àyè funfun ti pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, ó dà bíi pé wọ́n há àwọn mọ́ àárín. Wọ́n tún ṣe ìpàdé mìíràn pé kí wọ́n dá ojú àtijọ́ padà, ohùn kò ṣọ̀kan. Ohun méjì ló gbà wọ́n là, lójú tèmi. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ fẹ̀. Ẹni tó ní àkáǹtì sì lè padà sí Vector ọdún 2010 nígbàkígbà tó bá wù ú. Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ẹ kò bá rántí ohunkóhun nínú ohun tí mo ń wí, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn àtijọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí tuntun.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ojú ewé tuntun, ẹ kọ àìsàn tó ń ṣe ti àtijọ́ sílẹ̀. “Ó ti gbó” kì í ṣe àìsàn. “Ẹni tó bá tẹ Ayete láìfi àmì sí i kò rí Ayétẹ̀” ni àìsàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì tẹ nǹkan lórí fóònù. Àmì ohùn wa tilẹ̀ ní ẹ̀tàn nínú. Unicode, àtòkọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní ẹ, ó sì ní é, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ ní odidi. A ní láti gbé àmì ohùn lé ẹ lórí, fọ́ńtì tí kò gbọ́ Yorùbá á sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi Lánlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà dán fọ́ńtì wò kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn mìíràn ti bá èyí jà, kóòdù YorubaName, ìkànnì atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, wà ní gbangba lórí GitHub.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú tún wà ńlẹ̀. Ìlú méje ni Ìbàràpá, èwo ni yóò ṣíwájú? Igbó-Ọrà tí ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì yóò fẹ́ wà lókè, Èrúwà kò ní gbà, ẹ má sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìgangan. Ẹnìkan á ní kí a tò ó ní a-b-d, ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn: Ayétẹ̀, Èrúwà, Ìdèrè, Ìgangan, Igbó-Ọrà, Lánlátẹ̀, Tápà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láìkọ́ ọ ní a-b-d tiwa, á ka È àti Ì tó lámì sí lẹ́tà tó wá lẹ́yìn Z. Èrúwà, Ìdèrè àti Ìgangan á já sí ìsàlẹ̀ Tápà. Kí ẹ wá lọ ṣàlàyé fún bàbá kan ní Èrúwà pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kì í ṣe ọmọ Tápà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gbé ojú ewé náà fún àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ìkànnì ṣe ń rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn márùn-ún ti tó láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe hàn. Ẹ wá ìyá kan ní ọjà Tọwọ́bọwọ́ tó ń lo fóònù kékeré, ẹ ní kí ó wá nǹkan kan jáde fún yín, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí le ju kóòdù lọ, torí ọwọ́ á máa yún yín láti bá a tẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán ńlá tó wà lókè bá ń yí láìdé nígbà tí dátà rẹ̀ ń jó, ẹ yọ ọ́.

Ìmọ̀ràn tí ẹ bá jọ gbà lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ síbi tí kóòdù wà lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò ní yí ohùn ẹgbẹ̀rún sókè kó tó mọ ìdí tí bọ́tìnnì kan fi wà lápá ọ̀tún. Ní ti líǹkì, Tim Berners-Lee tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ti kìlọ̀ láti ọdún 1998 pé àdírẹ́sì tó dára kì í yí padà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yí i, ẹ fi ìdarí sí èyí àtijọ́, kí ọmọ kíláàsì tó dà á kọ ṣì lè dé ibi tó ń lọ.

Èyí tó ń pa irú ìkànnì báyìí jù kì í ṣe àwọ̀. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi ra àdírẹ́sì, òun nìkan ló ní pásíwọ́ọ̀dù, ó sì ti já pa lọ sí Kánádà. Ọjọ́ ìsanwó a dé, kò ní sí ẹni tó máa rí lẹ́tà ìránnilétí. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò jọ ní kọ́kọ́rọ́ náà, kí wọ́n má ti ilé kan náà wá, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí kò pète àtirìnrìn-àjò. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó yan àwọ̀.