Ṣíṣàwárí ewu nínú iṣẹ́ wíwa wúrà

Àwọn kókó ọ̀rọ̀

- Ewu ibi iṣẹ́ ni ohunkóhun tó lè pa òṣìṣẹ́ lára tàbí kó sọ ọ́ di aláìsàn.
- Láti rí ewu, ẹ pín iṣẹ́ sí ìgbésẹ̀, kí ẹ sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.
- Kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ̀kọ́ láti Zamfara

Ní ọdún 2010, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 400 ọmọdé ni májèlé òjé pa ní àwọn abúlé Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń wà ní òjé púpọ̀ nínú. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ sì bo àgbàlá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹni tó bá yẹ kòtò nìkan wò kò ní rí ewu yìí. Ó yẹ kí àyẹ̀wò tẹ̀ lé iṣẹ́ dé ilé.

Yíyẹ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò

Ẹ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jókòó, kí ẹ sì béèrè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé: Kí ló lè ṣe ìpalára? Ta ni yóò kàn? Ọ̀nà wo ni yóò gbà dé ara rẹ̀?

- Gbígbẹ́ ilẹ̀: kòtò lè wó, afẹ́fẹ́ lè má tó nísàlẹ̀.
- Fífọ́ òkúta àti lílọ̀ ọ́: eruku ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ariwo ẹ̀rọ ń ba etí jẹ́.
- Fífi omi ṣan án: ìdọ̀tí lè ṣàn wọ omi mímu.
- Lílo mákúrì àti sísun ún: oru rẹ̀ ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.
- Pípadà sílé: eruku ń bá aṣọ àti ọwọ́ wọlé.

Dídín ewu kù

Ẹ kọ́kọ́ mú ewu kúrò níbi tó ti ń wá. Ẹ gbé iṣẹ́ lílọ̀ jìnnà sí ilé, kí ẹ sì fi omi rin òkúta kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ kan náà lọ ọkà. Ẹ wẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó wọlé. Ìbòmú ló kẹ́yìn; kò lè dáàbò bo ọmọ tó wà nílé.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Gìrì, èébì àti inú rírun lè jọ àmì ibà. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí àwọn ará ilé ọmọ náà ń ṣe, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Oògùn tó ń yọ òjé kúrò lára wà, ṣùgbọ́n kò ní tó bí ọmọ náà bá padà sí ilé tí eruku ṣì wà.