Aròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Jó Irin Oko tí Ó Kán

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣàlàyé bí a ṣe lè fi jíjó tún irin ohun èlò oko tí ó kán ṣe nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́, ka orí-ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú kálàmù. Olùdánwò kò bèèrè ìtàn ọjọ́ tí irin kán lóko bàbá rẹ. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó fẹ́ kà. Bí o bá fi ìgbésẹ̀ kejì ṣáájú èkíní, o ti pàdánù máàkì.

ÌLAPA ÈRÒ
1. Ìfáàrà: ìdí tí àtúnṣe fi ṣe kókó
2. Yíyẹ irin wò
3. Ìmúrasílẹ̀
4. Jíjó irin
5. Ewu tí ó wà níbẹ̀
6. Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ARÒKỌ

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá kán lójú iṣẹ́, àgbẹ̀ kò ráyè dúró de irin tuntun. Ẹni tí ó mọ irin í jó lè kó o yọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ irú irin tí ó kán. Irin rírọ̀ tí a fi ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti bárò gba jíjó dáadáa. Irin tí a yọ́ dà, irú èyí tí a fi ń ṣe ara ẹ́ńjìnnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí ó ti kán máa ń láwọ̀ eérú, a sì máa rí hóró-hóró. Bí a bá jó o láìmọ̀ ọ́n ṣe, yóò tún sán bí ó ti ń tutù. Àgbà jórinjórin ni kí a gbé e fún. A tún gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí ó fà á tí irin fi kán. Bí ó bá jẹ́ pé bóòtù kan ló tú tí ẹ̀rọ fi ń gbọ̀n, kí a dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin yóò tún kán.

Lẹ́yìn èyí, a ó ha ọ̀dà, ìpẹtà àti gíríìsì kúrò títí irin yóò fi máa dán. Bí irin náà bá nípọn, a ó fi fáìlì pọ́n ẹnu méjèèjì kí wọ́n lè dà bí lẹ́tà V níbi tí wọ́n ti pàdé, kí iná lè wọnú. A ó tò wọ́n kí wọ́n gún, a ó sì fi kílámpù dì wọ́n mú.

Nígbà náà ni a ó so wáyà ẹ̀rọ ìjórin mọ́ ibi tí irin ti mọ́. Ọ̀pá ìjórin E6013 dára fún irin rírọ̀. A ó kọ́kọ́ fi iná kan eteetí méjèèjì díẹ̀, kí a wò ó bí ó bá ṣì gún, kí a tó jó ìyókù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. A ó fi òòlù kékeré gbọ́n èépá rẹ̀ dànù, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ún. Ibi tí ihò bá wà, a ó tún un jó. A kò gbọ́dọ̀ da omi sí i. Ìtutù òjijì lè mú kí ó sán.

Ojú lọba ara. Ìmọ́lẹ̀ ìjórin a máa jó ojú, ṣùgbọ́n kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ó di alẹ́ kí ojú tó máa rinni bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbòjú onígíláàsì dúdú ti jórinjórin ni kí a lò, kí a sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ àti bàtà, kí a má sì dúró lórí ilẹ̀ tútù, nítorí iná lè gbé ni. A kò gbọ́dọ̀ jó táǹkì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí ó ti gba epo pẹtiróòlù rí, bí ó tilẹ̀ ṣófo: òórùn epo tí ó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù.

Ní ìparí, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè tún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe nílé, ṣùgbọ́n bíréèkì katakata àti irin tí ó fi ń fa tírélà, ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni kí ó tọ́ wọn ṣe.

ÀKÍYÈSÍ
Wo bí "lẹ́yìn èyí" àti "nígbà náà" ṣe so ìgbésẹ̀ kan mọ́ èkejì. Wò ó pẹ̀lú pé gbogbo ìkìlọ̀ ló ní ìdí tirẹ̀; ìkìlọ̀ tí kò nídìí kì í yé òǹkàwé. Má ṣe dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún "fáìlì" tàbí "kílámpù"; bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè é ni kí o kọ ọ́.

IṢẸ́ ṢÍṢE
Kọ ìlapa èrò, lẹ́yìn náà kí o kọ aròkọ lórí: "Bí a ṣe ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tí ó jò."